EMERITUS: ÌDÍLÉ ÀTI GÍRÁMÀ Ọ̀RỌ̀ LÁTÌN KAN, ÀTI OHUN TÍ Ó Ń BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ WA

  

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà tí wọ́n wà níbí kí n tó la ẹnu. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ fà mí létí.

Ohun tí ó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá

Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé gbogbogbòò wa tí ó kọjá, ẹnì kan dábàá pé kí á máa kọ “Ààrẹ Emeritus” sí iwájú orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n ti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ yìí rí. Àbá náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àríyànjiyàn fi bẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ náà kò ju “arúgbó” lọ. Ẹlòmíràn, tí ó rántí Látìn díẹ̀ láti ilé-ìwé, ní “e” ni “jáde”, “merit” sì ni iyì, nítorí náà ẹni tí iyì ti jáde lára rẹ̀ ni à ń pè ní emeritus. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ìyá wa kan, tí òun náà ti ṣe ààrẹ wa rí, béèrè ìbéèrè tí kò sí ẹni tí ó dáhùn. Ìyá ní, “Ṣé emeritus ni èmi náà, àbí ọ̀rọ̀ yín yìí ní abo?”

Alága bá yíjú sí mi. Wọ́n mọ̀ pé mo kọ́ èdè Látìn ní ilé-ìwé girama, àti pé ìmọ̀ nípa Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́ ni mo kà ní Yunifásítì Ìbàdàn kí n tó wọ iṣẹ́ ọba ní 1981. Wọ́n ní kí n lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà, kí n sì wá ṣàlàyé rẹ̀ ní ọjọ́ àsọyé. Ìdí nìyí tí ẹ fi rí mi níwájú yín lónìí. Mo rò pé àlàyé gírámà oníṣẹ́jú mẹ́wàá ni yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wádìí rẹ̀, mo rí i pé ọ̀rọ̀ gbèsè ni ọ̀rọ̀ náà, àti pé èmi gan-an wà lára àwọn ajigbèsè.

Ìdílé ọ̀rọ̀ náà

Èdè Látìn ni èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́. Nínú èdè yìí, ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà tí ń jẹ́ “mereo”; wọ́n tún máa ń sọ ọ́ ní “mereor”. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ènìyàn ṣiṣẹ́ gba nǹkan, kí nǹkan tọ́ sí i. Ara rẹ̀ ni “meritum” ti jáde, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ di “merit”. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè gbà pé ó bá “meros” ti èdè Gíríìkì tan, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìpín. Mọ̀lẹ́bí “meros” sì ni “moira”, tí òun náà jẹ́ ìpín, tí ó sì tún jẹ́ àyànmọ́.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ níbẹ̀. Àwa náà ńkọ́? Bí a bá ń pín ẹran ní òde ìnáwó, a ó ní, “Ìpín tèmi dà?” Bí a bá sì ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ẹnì kan yàn láti ọ̀run wá, a tún ní ìpín rẹ̀ ni. Àwọn Gíríìkì kò gbọ́ Yorùbá, àwọn baba wa kò sì gbọ́ Gíríìkì, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì fi ń pe ohun tí a bù fún ènìyàn nínú àwo àti ohun tí a bù fún un nínú ayé.

Wàyí o, “e” tí ó wà níwájú ńkọ́? “Ex” ni, tí wọ́n gé kúrú nítorí “m” tí ó tẹ̀lé e. Òtítọ́ ni ọ̀rẹ́ wa sọ pé “ex” lè túmọ̀ sí jíjáde. Ṣùgbọ́n bí ó bá so mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, ó tún máa ń túmọ̀ sí “títí dé òpin”, “tán pátápátá”. “Disco” ni “mò ń kọ́ ọ”. “Edisco” ni “mo kọ́ ọ sórí tán”. “Facio” ni “mo ṣe é”. “Efficio” ni “mo ṣe é yọrí”. Ẹ sì kíyè sí i pé àwa náà ń lo yíyọ jáde fún píparí: nígbà tí iṣẹ́ bá parí dáadáa, a ní ó yọrí.

Nítorí náà, “emereo” kì í ṣe pé iyì jáde lára ènìyàn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni, “Mo sìn títí iṣẹ́ fi yọrí, mo sì ti kójú ìpín mi.” Àwọn ọmọ ogun ni wọ́n ń lò ó jù. Wọ́n máa ń so ó pọ̀ mọ́ “stipendia”, ìyẹn owó iṣẹ́ ológun, nítorí pé iye ọdún tí ọmọ ogun ti gba owó ni wọ́n fi ń ka iye ọdún tí ó ti jagun. Ọ̀rọ̀ “stipendium” fúnra rẹ̀, “pendere” wà nínú rẹ̀, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ “wíwọ̀n”, nítorí pé ní ayé àtijọ́ orí òṣùwọ̀n ni wọ́n ti ń san owó. Láti ara “pendere” yìí kan náà ni “pensio” ti wá, tí ó jẹ́ sísan owó, òun sì ni a sọ di pẹ́ńṣọ̀n. Ẹ ò rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, inú agbo ilé owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ti bí emeritus.

Gírámà rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, tiyín ló kù báyìí. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni emeritus, ṣùgbọ́n láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ti wá. Èyí kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu, nítorí bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe é nínú Yorùbá. Igi “ga”, a ní “igi gíga”. Ẹja “gbẹ”, a ní “ẹja gbígbẹ”. Àwa a máa tún ìró ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe pè. Àwọn ará Róòmù a máa yí ìparí rẹ̀ padà.

Ibi tí ọ̀nà ti pínyà ni pé, nínú Yorùbá, bí ọ̀rọ̀ àpèjúwe bá ti dúró, ó dúró náà nìyẹn. Ọkùnrin gíga, obìnrin gíga, ilé gíga, àwọn igi gíga: “gíga” kò yí padà fún ẹnikẹ́ni. “Ó” wa náà kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Nínú Látìn, ọ̀rọ̀ àpèjúwe gbọ́dọ̀ wo ojú ẹni tí ó ń pọ́n kí ó tó wọ aṣọ.

Àwa tí a ń gbé Kàdúná, èyí kò ṣòro fún wa, nítorí Haúsá tí a ń sọ ní ọjà ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọkùnrin arúgbó ni “tsoho”, obìnrin arúgbó ni “tsohuwa”, bí wọ́n bá pọ̀, wọ́n di “tsofaffi”. Ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ ológun rí ni wọ́n ń pè ní “tsohon soja”. Kò sí ọmọ wa kan tí a bí síbí tí yóò pe ìyá arúgbó ní “tsoho”. Àwọn ọmọ àdúgbò yóò fi ṣẹ̀sín di alẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe rí fún ẹni tí ó bá pe obìnrin ní emeritus níwájú ẹni tí ó gbọ́ Látìn.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó kí ó lè yé wa:

Ọkùnrin kan: emeritus.
Obìnrin kan: emerita.
Ohun kan tí gírámà Látìn kò kà sí akọ tàbí abo: emeritum.
Ọkùnrin púpọ̀, tàbí ọkùnrin àti obìnrin pọ̀: emeriti.
Obìnrin púpọ̀: emeritae.
Ohun púpọ̀ tí kì í ṣe akọ tàbí abo: emerita.

Ìparí rẹ̀ tún máa ń yí padà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú gbólóhùn. Bí ọmọ ogun tí ó ti sìn tán bá jẹ́ olùwà, a ní “miles emeritus”. Bí ilé rẹ̀ ni a ń sọ, a ní ilé “militis emeriti”. Bí a bá rí i lójú ọ̀nà, “militem emeritum” ni a rí. Ní ti ipò, ó lè ṣíwájú orúkọ, ó sì lè tẹ̀lé e. Èdè Látìn gba méjèèjì. Nítorí náà, kò sí ìjà láàrin ẹni tí ó kọ “Emeritus Professor” àti ẹni tí ó kọ “Professor Emeritus”.

Ìyá wa, ìdáhùn ìbéèrè yín nìyí: ẹ̀yin kì í ṣe emeritus, emerita ni yín. Ọ̀rọ̀ náà ní abo. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń jiyàn pé ọ̀rọ̀ Látìn bíi “professor” akọ ni nínú gírámà, nítorí náà kí á fi emeritus sílẹ̀ fún tọkùnrin tobìnrin. Àwọn yunifásítì kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó mú Látìn ní pàtàkì a máa kọ emerita fún obìnrin, nítorí ènìyàn ni wọ́n ń bu ọlá fún, kì í ṣe àga tí ó jókòó lé.

Ohun kan tún kù nínú gírámà yìí tí n kò fẹ́ kí á fò kọjá. Emeritus lè túmọ̀ sí ẹni tí ó ti sìn tán. Ṣùgbọ́n wọ́n tún máa ń lò ó fún ohun tí a sìn náà: “emerita stipendia” ni iṣẹ́ ológun tí a ti ṣe yọrí, tí owó rẹ̀ ti tọ́ síni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni fún òṣìṣẹ́, òun náà ni fún ohun tí ó ṣiṣẹ́ fún. Èdè Látìn kò ya ẹni tí ó làágùn kúrò lára ọ̀yà òógùn rẹ̀. Àwa ènìyàn ni a máa ń yà wọ́n.

Akéwì Róòmù kan tí ń jẹ́ Ovid tilẹ̀ lo ọ̀rọ̀ yìí fún ohun ìtúlẹ̀ tí ó ti parí iṣẹ́ ọdún, irú èyí tí màlúù ń fà ní oko àwọn ará Àríwá níbí. Ó ní kí àgbẹ̀ gbé e kọ́. Kò ní kí ó sọ ọ́ sí ààtàn o. Kí ó gbé e kọ́ ni.

Ìlú tí wọ́n fi orúkọ yìí sọ

Ní ilẹ̀ Sípéènì, ní etí odò Guadiana, ìlú kan wà tí ń jẹ́ Mérida. Ní ọdún 25 ṣáájú ìbí Jésù, Augustus tí ó jẹ́ ọba Róòmù pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ ìlú náà dó fún àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ti sìn tán nínú ogun tí wọ́n bá àwọn ará Cantabria jà. Láti inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kárùn-ún àti ìkẹwàá ni wọ́n ti wá. Wọ́n pe ìlú náà ní Emerita Augusta. Ẹ wò ó: emerita, kì í ṣe emeritus, nítorí pé abo ni “colonia”, ìyẹn ìlú àtẹ̀dó, nínú èdè Látìn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ti ẹnu dé ẹnu, Emerita di Mérida.

Wọn kò kàn fi orúkọ tan àwọn àgbà ọmọ ogun wọ̀nyí. Wọ́n fún wọn ní ilẹ̀ oko. Wọ́n ṣe afárá olókùúta gígùn sórí odò náà. Afárá yìí ṣì dúró di òní olónìí. Agrippa, tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ àti àna ọba, kọ́ gbọ̀ngàn eré fún wọn ní nǹkan bí ọdún 16 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n sì tún ń ṣe eré níbẹ̀ ní ìgbà tiwa yìí. Ìlú náà di olú-ìlú ẹkùn Lusitania. Ní 1993, àjọ UNESCO fi àwọn àwókù rẹ̀ sínú ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Nígbà tí àwọn ará Sípéènì ré òkun kọjá, wọ́n sọ ìlú kan ní Mérida ní Mẹ́síkò ní 1542, wọ́n sì sọ òmíràn ní Fẹnẹsúẹ́là ní 1558. Gbogbo ẹni tí ó bá ń gbé àwọn ìlú wọ̀nyí, inú ọ̀rọ̀ tí a ń wádìí yìí ni ó ń sùn tí ó ń jí.

Owó kò dé, ọ̀rọ̀ di ìjà

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í pọ̀ títí. Ní ọdún 13 ṣáájú ìbí Jésù, Augustus fi iye ọdún iṣẹ́ ológun sí 16. Ní ọdún 5 lẹ́yìn ìbí Jésù, ó sọ ọ́ di 20, ó sì ṣèlérí pé ọmọ ogun tí ó bá sìn tán yóò gba owó 12,000, èyí tí wọ́n ń pè ní “sestertius”. Owó iṣẹ́ ọmọ ogun lọ́dún kan nígbà náà jẹ́ 900. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ó lé ní owó iṣẹ́ ọdún 13. Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìn tì láàrin wa, ẹ fi wé tiyín.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó dá àpò kan sílẹ̀ fún owó yìí nìkan, ó sì fi mílíọ̀nù 170 láti inú owó ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí àpò náà má baà gbẹ, ó fi owó orí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lé ogún tí àwọn ènìyàn bá jẹ, àti ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lé ọjà tí wọ́n bá tà ní gbàǹjo. Àwọn olówó kùn gan-an. Ṣùgbọ́n ó yé Augustus pé ìlérí tí kò ní àpò, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ní Nàìjíríà wa níbí, òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2004, tí wọ́n tún ṣe ní 2014, ń wá ohun kan náà: kí òṣìṣẹ́ máa dá, kí ẹni tí ó gbà á síṣẹ́ náà máa dá, kí owó ti wà nílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

Ọdún 14 lẹ́yìn ìbí Jésù ni Augustus kú. Bí ikú rẹ̀ ṣe dé etí àwọn ọmọ ogun tí ó wà ní Pannonia àti ní etí odò Rhine, wọ́n fárí gá. Òpìtàn Tacitus ni ó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀sùn wọn ni pé ọjọ́ ti pé, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí àwọn lọ. Àwọn kan ti lo 30 ọdún, àwọn kan 40. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n bá tilẹ̀ tú àwọn sílẹ̀, àbàtà àti orí òkè olókùúta ni wọ́n ń pín fún àwọn, tí wọ́n á ní oko ni.

Nígbà tí Germanicus, tí ó jẹ́ ọmọ ẹbí ọba, dé sí àárín àwọn ti etí odò Rhine, àwọn kan gbá ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tí ó fẹ́ fi ẹnu kò ó. Wọ́n kì ìka rẹ̀ bọ ẹnu ara wọn, kí ó fọwọ́ kan èrìgì wọn, kí ó mọ̀ pé eyín kò sí níbẹ̀ mọ́.

Mo ti ka ìtàn yìí ní Ìbàdàn nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ti yẹ, olùkọ́ fún mi ní máàkì tó dára. N kò mọ ohun tí mo kà.

Kí ni òpin rẹ̀? Germanicus fi ìwé kan tí ó ní ọba ni ó kọ ọ́ pẹ̀tù sí wọn nínú, ó ní kí ẹni tí ó bá ti lo 20 ọdún máa lọ. Ní Pannonia náà, wọ́n fi ọgbọ́n àti idà pa iná náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Tiberius tí ó gorí ìtẹ́ ní ohun tí àwọn ọmọ ogun fi agbára gbà kò lè dúró, nítorí àpò kò gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró ní ìlà àyẹ̀wò àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì rí, ẹ mọ̀ pé gbólóhùn náà kò tíì kú.

Ọ̀rọ̀ náà lóde òní

Láti ibùdó ogun, ọ̀rọ̀ náà wọ ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn. Ní yunifásítì, kì í ṣe gbogbo ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó bá fẹ̀yìn tì ni emeritus. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń yàn án, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, tí ìwé rẹ̀ lórí gírámà Yorùbá jáde ní 1966, gba oyè yìí ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká náà gbà á ní Ifẹ̀. Nínú ìjọ Kátólíìkì ni ó ti jẹ́ ti gbogbo bíṣọ́ọ̀bù tí ó bá fẹ̀yìn tì. Nígbà tí Kádínà Okogie fi ipò sílẹ̀ ní Èkó ní 2012, Archbishop Emeritus ni ó dà. Ní 2013, Póòpù Benedict kẹrìndínlógún fi ipò sílẹ̀, ó sì ń jẹ́ Póòpù Emeritus títí ó fi kú ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, 2022.

Yorùbá ńkọ́? A ní “fẹ̀yìn tì”. Èmi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ wa yìí púpọ̀. Látìn wo ẹ̀yìn, ó ní: o ti sìn tán. Yorùbá wo ibi tí àárẹ̀ fẹ́ jókòó sí, ó ní: wá fi ẹ̀yìn ti nǹkan. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń fẹ̀yìn tì. Ẹni tí kò bá sí ògiri lẹ́yìn rẹ̀, ṣe ni yóò ṣubú.

Fáìlì kan

Mo ti ní mo wà lára ajigbèsè, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ní àwọn ọdún 1990, fáìlì àwọn tí ó fẹ́ gba gràtúítì máa ń gba orí tábìlì mi kọjá. Bàbá kan wà tí ó ṣe mẹ́sẹ́ńjà fún 32 ọdún. Òun ni ó ń gbé fáìlì fún gbogbo wa. Nígbà tí tirẹ̀ dé, lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Òfin ní lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Mo kọ “K.I.V.” sí i, mo sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ọba mọ ìtumọ̀ rẹ̀: kí á máa fojú sí i. Àwa náà mọ̀ pé kò sí ojú tí ó padà síbẹ̀.

Ọjọ́ Tuesday ni bàbá máa ń wá, nínú kákí iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ti ṣá. “Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé wọ́n ti rí i?” Èmi á ní, “Bàbá, ẹ lọ fara balẹ̀, ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.” Ọmọ wọn ni mo jù lọ ní ọjọ́ orí díẹ̀, síbẹ̀ ọ̀gá ni wọ́n ń pè mí. Èyí lọ bẹ́ẹ̀ fún bí oṣù mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn náà, wọn kò wá mọ́, n kò sì béèrè.

Ọmọ wọn ni ó wá ní ọjọ́ kan. Kò bínú. Ó ní bàbá ti sùn, ó sì wá dá káàdì iṣẹ́ wọn padà, nítorí bàbá ti sọ fún un pé ohun ìjọba ni. Lẹ́yìn tí ó lọ, mo dìde, mo lọ sí yàrá fáìlì fúnra mi. Inú fáìlì ẹlòmíràn tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ bàbá kan náà ni lẹ́tà wọn wà. Kò gbà mí ní ààbọ̀ wákàtí. Wọ́n san owó náà fún ìdílé wọn ṣáá. Ṣùgbọ́n ta ni ó fẹ̀yìn tì í?

Mo mọ emeritus nígbà náà. Mo lè yí ìparí rẹ̀ padà ní gbogbo ọ̀nà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dúró níwájú mi ní gbogbo ọjọ́ Tuesday, n kò dá a mọ̀. Ní 2016 tí èmi náà fẹ̀yìn tì, tí mo di ẹni tí ń béèrè pé “Ṣé wọ́n ti rí i?”, ó yé mi.

Àbá mi

Mo fẹ́ fi àbá mẹ́rin síwájú ẹgbẹ́.

Èkíní, bí a bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀ yìí, kí á lò ó bó ti tọ́: Ààrẹ Emeritus fún bàbá, Ààrẹ Emerita fún ìyá, emeriti fún gbogbo wọn lápapọ̀. Bí Látìn bá sì ni wá lára, “Ààrẹ Àná” dára, kò ní akọ, kò ní abo, kò sì ní àríyànjiyàn.

Èkejì, kí ó má jẹ́ ti gbogbo ẹni tí ó bá ti jókòó sórí àga rí. “E” iwájú rẹ̀ ń sọ pé “títí dé òpin”. Ẹni tí kò parí sáà rẹ̀, tàbí tí kò jíhìn ìwé owó fún ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì sìn tán. Kí ìpàdé gbogbogbòò dìbò lé e lórí.

Ẹ̀kẹta, kí ó má jẹ́ ti ààrẹ nìkan. Ọmọ ogun lásán ni wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà fún, kì í ṣe ọ̀gágun. Akọ̀wé wa tí ó fi ọwọ́ kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé wa fún ọdún 18, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá dùbúlẹ̀ báyìí, ẹni mélòó nínú wa ló ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́dún yìí? Ìyá tí ó ń dáná fún wa ní gbogbo ìpàdé ọdún láìgba kọ́bọ̀ ńkọ́? Emeritus ni èkíní, emerita ni èkejì.

Ẹ̀kẹrin, tí ó sì ṣe pàtàkì jù, kí á má fún ẹnikẹ́ni ní orúkọ láìsí àpò lẹ́yìn rẹ̀. Mo bẹ ẹgbẹ́ pé kí á yọ ìdá márùn-ún nínú owó oṣooṣù wa sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú àwọn tí wọ́n ti sìn wá tán, kí àkáǹtì rẹ̀ dá dúró, kí ẹni mẹ́ta máa buwọ́ lù ú. Kí á sì yan ọ̀dọ́ méjì-méjì tí yóò máa lọ kí wọn lóṣooṣù. Mo ti fi ìdásílẹ̀ tèmi lé akápò lọ́wọ́ lówùúrọ̀ yìí. N kò ní sọ iye rẹ̀. Orúkọ mẹ́sẹ́ńjà kan ni mo fi san án.

Ẹ̀yin èwe, ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan sílẹ̀ fún yín. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí yín àgbà pé, “Iṣẹ́ wo ni ẹ ṣe, ọdún mélòó ni ẹ fi ṣe é, kí ni wọ́n sì jẹ yín?” Ẹ kọ ìdáhùn náà sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ gírámà nìyẹn.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí á sìn yọrí. Kí Ó má jẹ́ kí ọjọ́ pé kí ọwọ́ ó ṣófo. Kí gbogbo wa rí ohun tí a ó fẹ̀yìn tì.